Ẹ Yé Sọ fún Ọ̀dọ́mọkùnrin Pé "Ìrònú Lásán Ni": Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Dókítà

Ẹ̀yin dókítà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀pọ̀ èrò. Apòògùn ni mí. Ẹ̀yin lẹ ń kọ ìwé oògùn, èmi ni mo ń kà á tí mo sì ń gbé oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í mú ìwé kankan wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n á dúró títí àwọn tó kù á fi lọ tán, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè oògùn orí fífọ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kinní yẹn wà?" Mo mọ kinní yẹn: oògùn tó ń mú okó le ni. Bí mo bá bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí dókítà, èsì kan náà ni àwọn tó ti rí i sábà máa ń fún mi: dókítà wò wọ́n lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọdé bíi tìẹ? Ìrònú ló ń dà ẹ́ láàmú. Lọ fọkàn balẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Kì í ṣe pé irọ́ ni nígbà gbogbo o. Lára ọ̀dọ́ tí kò ní àìsàn mìíràn, ẹ̀rù àti ìrònú ló sábà máa ń wà nídìí okó tí kò le. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ń sọ ọ́ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tí ẹ̀rù bá fà kì í ṣe àìsàn gidi. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ìtìjú ló ń gbé jáde, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn láìbéèrè ọ̀rọ̀ ló sì máa ń gbà lọ.

Ẹ wo ibi tí gbólóhùn náà ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ láàrin àwọn oníṣègùn ni pé bí okó bá kọ̀ láti le, ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ìrònú ni. Ìgbàgbọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní ọdún 1983, ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀yà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe ní Las Vegas. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Bìrìtìkó kan, Giles Brindley, ló bọ́ síwájú láti sọ̀rọ̀ lórí abẹ́rẹ́ tó ń mú okó le. Ó ti gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ náà ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì kó tó wá. Nígbà tó rí i pé fọ́tò tí òun gbé sójú ògiri ò tó àwọn èèyàn, ó bọ́ sòkòtò sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ ìtàn yìí, èmi náà sì ti rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn wọ́n lọ́jọ́ náà wúwo. Kò sẹ́ni tí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ á gbé níwájú àwọn dókítà nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Oògùn ti mú okó le láìsí èrò ìbálòpọ̀ kankan. Ara ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Viagra, oògùn tó ń mú okó le, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń dán wò fún ìrora àyà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí nitric oxide, èròjà tó ń mú òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹni ọgọ́ta ọdún bá wọlé pẹ̀lú ẹjọ́ yìí, ẹ óò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ẹ óò yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ẹ óò béèrè oògùn tó ń lò. Àwọn àgbà la mú kúrò nínú ìgbàgbọ́ ọdún 1970. Àwọn ọ̀dọ́ la fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Wọn ò sì kéré níye. Ní ọdún 2013, àwọn olùṣèwádìí ní Milan, ní Ítálì, ṣírò àwọn ọkùnrin 439 tó wá sí ilé ìwòsàn wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ nítorí okó tí kò le. Ẹni 114 nínú wọn, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ díẹ̀, ló jẹ́ ogójì ọdún tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ó kù díẹ̀ kó pé ìdajì tí ìṣòro tiwọn burú gan-an. Lóòótọ́, àwọn tó wá ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n kà, kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá ilé ìwòsàn náà ni èmi àti ẹ̀yin ń rí.

Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí jù mí lọ. Nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n á ka lẹ́tà yìí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Okó kò ní egungun, kò sì ní iṣan tí èèyàn lè dìídì fà bíi ti apá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń mú un le. Nígbà tí ìfẹ́ bá gbé ọkùnrin, iṣan ìmọ̀lára tó jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn á tú nitric oxide sínú okó. Ẹran tó yí òpó ẹ̀jẹ̀ ká á dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, okó á wú, wíwú rẹ̀ á sì tẹ àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ì bá gbà jáde pa mọ́ awọ líle tó bò ó nínú. Bó ṣe ń dúró nìyẹn. Èyí tó ń dá a padà sílẹ̀ ni noradrenaline, èròjà kan náà tó máa ń pọ̀ lára pẹ̀lú adrenaline nígbà tí àyà bá já. Ó máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ síbi tí èèyàn ti nílò rẹ̀ láti sá tàbí láti jà. Ọkùnrin tó bá gbé ẹ̀rù lé àyà lọ bá obìnrin dà bí awakọ̀ tó fi ẹsẹ̀ kan tẹná, tó fi èkejì tẹ bíréèkì.

Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún un pé ìrònú ni, òpó ẹ̀jẹ̀ náà lẹ ṣì ń sọ. Ẹ̀rù ní ọ̀nà tó ń gbà dé ìsàlẹ̀ ìkùn, a sì mọ ọ̀nà ọ̀hún. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn kan ní káńtà mi, mo sì rí i bí èjìká wọn ṣe wálẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ń rò láti oṣù mélòó kan ni pé àwọn kì í ṣe ọkùnrin mọ́, tàbí pé ẹnì kan ló ṣe àwọn.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè: ìgbà wo ló máa ń le? Ẹ bi í bó ṣe ń rí nígbà tó bá jí láàárọ̀. Ẹ bi í bó ṣe ń rí nígbà tó bá dá wà. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá, okó rẹ̀ máa ń le ní ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún lóru, nígbà tí oorun àlá bá gbé e, kò sì ní mọ̀. Ní ọdún 1980 àwọn dókítà kan tiẹ̀ gbé ọgbọ́n kan jáde: kí ọkùnrin lẹ sítáǹbù lẹ́tà yí okó rẹ̀ ká kó tó sùn; bó bá jí tí ó rí i pé ìlà tó so sítáǹbù pọ̀ ti ya, á jẹ́ pé ó le lóru. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ò yí padà. Bí ó bá ń le koko láàárọ̀, tó ń le nígbà tó dá wà, tó wá ń kọ̀ nígbà tí obìnrin bá wà níbẹ̀ nìkan, tó sì jẹ́ pé òjijì ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí ti ń tọ́ka sí ìrònú. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀, tí ti àárọ̀ náà ti ń lọ, tí kò yàtọ̀ níbikíbi tàbí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ wá ara rẹ̀ wò dáadáa. Ìbéèrè yìí kì í ṣe adájọ́ tí kì í ṣì í o: ìrẹ̀wẹ̀sì tó le àti àìsùn dáadáa lè pa ti àárọ̀, àìtó testosterone, họ́mọ̀nù akọ, náà sì lè pa á. Ṣùgbọ́n kò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti béèrè rẹ̀, àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi sì ní ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n rí.

Bí a bá wá débi ara, ọ̀rọ̀ àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń kó mi láyà sókè jù. Fífẹ̀ àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ okó kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Àwọn tó ń bọ́ ọkàn nínú àyà jẹ́ 3 sí 4. Ohun tó ń ba inú òpó jẹ́, ìbáà ṣe sìgá, ṣúgà, ọ̀rá tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í yan ibì kan. Gbogbo ara ló ń bà jẹ́ pa pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tín-ínrín jù ló ń kọ́kọ́ dí. Ìdí nìyẹn tí okó fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ọdún méjì sí márùn-ún kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Fún ẹni ọdún márùndínlógójì tó sanra, tó ń mu sìgá, tí bàbá rẹ̀ kú ikú òjijì, ẹjọ́ okó yìí lè jẹ́ ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí ara máa fún un. Ó gbé ìkìlọ̀ náà wá bá yín fúnra rẹ̀, láìka ìtìjú sí. Ẹ wá ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Àtọ̀gbẹ tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, torí ó ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó tún ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó jẹ́ pé ẹjọ́ okó ni wọ́n gbé wá tí a fi mọ̀ pé ṣúgà wà lára wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ohun tó ń lò. Èyí ni ẹ̀ka tèmi, mo sì lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi fluoxetine àti paroxetine lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù, ó lè mú kí àtọ̀ pẹ́ kó tó jáde, ó sì lè mú okó rọ̀. Oògùn àrùn ọpọlọ kan lè gbé họ́mọ̀nù prolactin sókè, kí testosterone sì wálẹ̀. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà wà níbẹ̀, pàápàá àwọn ti àtijọ́. Àwọn kan ń lo finasteride kí irun wọn má baà re, wọn kì í sì í kà á mọ́ oògùn bí ẹ bá bi wọ́n. Tramadol àti àwọn oògùn ìrora ẹgbẹ́ rẹ̀, bí èèyàn bá lò wọ́n pẹ́, ń pa testosterone. Àwọn tó sì ń lọ gbé irin kí ara wọn lè jọ ti akọni, tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ testosterone tàbí irú rẹ̀ láìsí dókítà: bí ọpọlọ bá ti rí i pé họ́mọ̀nù ń ti òde wọlé, á dá epọ̀n dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n máa mọ̀, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí epọ̀n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tí epọ̀n rẹ̀ sì kéré, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìrònú kiri.

Ọtí àti igbó, ẹ ti mọ̀. Sìgá, mo ti sọ.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Okó wọn lè le láìsí ìfẹ́, kó sì kọ̀ láti rọ̀, torí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ì bá gbà jáde. Bó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, pàjáwìrì ni. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́, wọ́n á dùbúlẹ̀ sílé pé á lọ fúnra rẹ̀, ẹran inú okó á sì máa kú, á máa di àpá. Nígbà tí wọ́n bá wá bá yín lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé okó ò le mọ́, ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti kìlọ̀ fún wọn láti kékeré ló ti ṣẹlẹ̀ tán. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó kù.

Ẹ tún béèrè bóyá ó ti fara pa rí. Jàǹbá ọkọ̀ tó fọ́ egungun ìbàdí, tàbí kí èèyàn já bọ́ kó fi abẹ́ jókòó lé irin, lè gé òpó ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ síbẹ̀. Nínú irú àwọn ọ̀dọ́ báyìí, tí òpó wọn tó kù ṣì dára, iṣẹ́ abẹ lè dá ẹ̀jẹ̀ padà.

Mo wá padà sórí ìrònú, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo fojú kéré rẹ̀. Ohun tí mo ń gbọ́ jù ni ìtàn alẹ́ kan: ó ti rẹ ọmọkùnrin náà, tàbí ó ti mu ọtí, tàbí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí òun àti obìnrin náà máa jọ sùn. Okó kọ̀. Kò sí nǹkan kan nínú ìyẹn, kò sí ọkùnrin tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ kejì, dípò kó máa gbádùn obìnrin, ńṣe ló ń ṣọ́ okó. William Masters àti Virginia Johnson ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ọdún 1970: ọkùnrin náà ti di òǹwòran ara rẹ̀. Adrenaline dé, okó rọ̀, ó sì rí ẹ̀rí pé òun ò dá. Báyìí ni ohun tí ọtí fà lálẹ́ kan ṣe ń di àìsàn ọdún kan. Àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ náà ń kó sí i. Ó ń ṣe dáadáa ní gbogbo ọjọ́, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún un pé òní ni ẹyin máa bọ́, òní ò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ń sọ okó di ọ̀lẹ, okó tó di ọ̀lẹ náà ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì, oògùn tí ẹ sì kọ fún ìrẹ̀wẹ̀sì lè dá kún un. Bí ẹ ò bá sọ fún un tẹ́lẹ̀, á dá oògùn náà dúró láìsọ fún yín. Mo ń rí wọn. Ẹ sọ fún un pé ó lè ṣẹlẹ̀, kó padà wá, pé oògùn mìíràn wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti fíìmù oníhòòhò, àwọn olùwádìí ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá òun fúnra rẹ̀ ń ba okó jẹ́, mi ò sì ní fi ẹnu tèmi ṣe ìdájọ́. Ẹni tó bá ń le fún fíìmù tí kì í le fún aya rẹ̀, ó kéré tán, òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ lo ìyẹn fún ìtọ́jú rẹ̀ dípò kí ẹ wàásù fún un.

Kí ni mo wá ń tọrọ? Ẹ bi í ní ìbéèrè àárọ̀. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ wọn ìbàdí, ẹ yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ fún testosterone láàárọ̀, torí ó máa ń wálẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, kí ẹ sì tún un fà lọ́jọ́ mìíràn bó bá kéré. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀yà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2018 ní kí wọ́n máa yẹ testosterone àárọ̀ wò fún ọkùnrin tó bá ní ìṣòro yìí. Kò ní àgbà nìkan. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ fi èsì náà hàn án. Ọ̀tọ̀ ni "ìrònú ni" tí ẹnì kan sọ láìwò, ọ̀tọ̀ ni "a ti yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ àti họ́mọ̀nù rẹ wò, wọ́n dára, ẹ̀rù ló kù tí a máa tọ́jú." Ìdajì ìtọ́jú ti wà nínú ìkejì yẹn.

Ẹ tọ́jú ẹ̀rù náà bí ẹ ṣe ń tọ́jú àìsàn. Ẹ pe obìnrin rẹ̀ mọ́ ọn bí ó bá gbà. Ẹ ní kí wọ́n pa ìbálòpọ̀ tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n máa fọwọ́ kan ara wọn láìsí pé okó gbọ́dọ̀ le. Ẹni tí wọn ò ní kó ṣe iṣẹ́ kan, kò sí ìdánwò tó máa féèlì. Bí ẹ bá rí i pé oògùn máa bá a já ẹ̀rù náà fún ìgbà díẹ̀, ẹ kọ ọ́, kí ó lè gba ọ̀dọ̀ mi lọ ní ọ̀sán gangan. Nínú àwọn ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ pé ewé lásán ni, ọ̀pọ̀ ni àwọn aláṣẹ ìlú ti yẹ̀ wò tí wọ́n bá sildenafil, oògùn inú Viagra, nínú rẹ̀, láìsí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún ìrora àyà bá gbé e mì, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú.

Ẹ sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀pọ̀ tó sọ fún mi pé sildenafil ò ṣiṣẹ́, oúnjẹ ọlọ́ràá ni wọ́n jẹ yó kí wọ́n tó lò ó, tàbí wọ́n jókòó kí ó le fúnra rẹ̀ láìsí ìfẹ́kanra, tàbí wọn ò dúró tó wákàtí kan. Mo lè ṣe ìyẹn ní káńtà bí ẹ bá fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé, kí ẹ sì kọ gbogbo oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ oníṣègùn tàbí onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń gba ọ̀dọ́mọkùnrin lálejò nítorí ọ̀rọ̀ yìí láìfi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwa apòògùn. Àwa la kọ́kọ́ ń rí wọn.

Èmi ni tiyín,
Apòògùn kan